Henry Townsend: Òyìnbó tó kọ́ Yorùbá ní ìwé ìròyìn kíkà, ṣùgbọ́n tí kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìjà Ẹ̀gbá

Ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a kọ ní èdè Yorùbá jáde nílùú Abẹ́òkúta. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Òun náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó dá a sílẹ̀, tó ń ṣe olóòtú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà tún wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni Ẹni-ọ̀wọ̀ Henry Townsend, ajíhìnrere ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti jókòó sí kíláàsì ìtàn ni ó ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni irú ipò tí ó wà nígbà tí ó ń kọ ìròyìn rẹ̀, àti ohun tí ipò náà sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ dà. Ìdí tí a fi fẹ́ tún ìtàn rẹ̀ sọ nìyẹn. Lákòókò tí a wà yìí, ìròyìn ń dà lé wa lórí láti inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn àti fóònù. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ni ó sì sábà máa ń pinnu ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò gbé mì. Àwọn ènìyàn wá ń béèrè pé ta ni kí àwọn gbà gbọ́. Wọ́n rò pé àìsàn tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré sí ti ìwé ìròyìn Yorùbá fúnra rẹ̀.

Ìlú Exeter, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Townsend ní ọdún 1815. Ìdílé àwọn òǹtẹ̀wé ni ó ti wá, nítorí náà kì í ṣe Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán an lọ sí Sierra Leone ní ọdún 1836 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ilé ìwé. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lórí òkun. Láti ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń padà sílé, àwọn tí a wá mọ̀ sí Sàró. Nígbà tí wọ́n délé tán, wọ́n ránṣẹ́ padà pé kí àwọn ajíhìnrere wá bá àwọn. Townsend ni C.M.S. rán jáde láti lọ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1842, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì bá Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, níbẹ̀. Òun àti Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sierra Leone bá a wá, ni wọ́n jọ kọrí sí Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1843, ni wọ́n wọ ìlú. Ìlú náà kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní ìletò wọn kó ara wọn jọ sábẹ́ Olúmọ. Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, gba àlejò náà tọwọ́ tẹsẹ̀.

Kí òǹkàwé fi ìgbàlejò yìí sọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni Townsend ti di ẹni Ẹ̀gbá. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1845, òun, Charles Gollmer àti Àjàyí Crowther tún dé sí Àgbádárìgì. Ṣódẹkẹ́ ti kú kí wọ́n tó lè gòkè lọ. Ó di ọdún 1846 kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta láti máa gbé ibẹ̀. Àkè ni iṣẹ́ Townsend fìdí kalẹ̀ sí. Ó kọ́ èdè Yorùbá débi pé ó ń fi ṣe ìwàásù, ó sì ń fi kọ orin ìsìn.

Iṣẹ́ ajíhìnrere nìkan kọ́ ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olóyè Ẹ̀gbá nílò ẹni tí yóò máa bá wọn kọ lẹ́tà sí òyìnbó, Townsend sì di akọ̀wé wọn. Nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1848, lẹ́tà tí Ṣágbúà àti àwọn ìjòyè kọ sí Ọbabìnrin Victoria wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1849, Ọbabìnrin fèsì, ó sì fi Bíbélì méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọmọọba Albert, fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni orúkọ Abẹ́òkúta ti dún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1851, ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu ìlú náà, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Lẹ́tà àwọn ajíhìnrere ni àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ Olúmọ, Townsend sì wà lára àwọn tó ń kọ ọ́ jù.

Ọkùnrin tó wá dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nìyí. Kì í ṣe àlejò tó dúró lókèèrè tó ń wòye. Ó jẹ́ àlùfáà ìlú, akọ̀wé ìlú, àti agbẹnusọ ìlú lọ́dọ̀ ìjọba òkèèrè.

Ní ọdún 1854, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń to lẹ́tà àti bí a ṣe ń tẹ ìwé. Àwọn ìwé ìsìn àti ìwé kíkà fún ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìwé kíkà má ṣe parí sí ilé ìjọsìn, kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èrò rere ni, kò sì sẹ́ni tó lè gba ọlá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìwé yìí tó dé, ẹnu ọlọ́jà, ẹnu aláàárù àti ẹnu akéde ni Yorùbá ti ń gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó gbọ́ lánàá lè sọ lónìí pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tẹ̀ sínú ìwé, kò ṣeé sẹ́ mọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ohun tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò lọ: ìròyìn ìjọ, àwọn tí wọ́n ṣèrìbọmi, àwọn tó kú, ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè, ọ̀rọ̀ òwú àti epo pupa, àti ìròyìn láti Èkó. Láti ọdún 1860 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti bá ti Yorùbá wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú tòrò ni, bóyá irú ìròyìn báyìí nìkan ni à bá máa rántí rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì pé ọdún kan tí ilẹ̀ Yorùbá fi gbiná.

Àní kí ogun tó dé ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, èyí tí kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, ni Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì tó ti Amẹ́ríkà wá. Martin Delany ni ọ̀kan, èkejì ni Robert Campbell, ọmọ Jamaica tó ti ṣe olùkọ́ ní ìlú Philadelphia. Àdéhùn náà yóò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Townsend kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì lòdì sí i. Àdéhùn náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí òǹkàwé má gbàgbé orúkọ Campbell, nítorí a óò tún bá a pàdé.

Ogun Ìjàyè ni ó wá dán ìwé ìròyìn náà wò. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, ọmọ rẹ̀, Adélù, ni wọ́n fi jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣàkóso Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ Kúrunmí, bí kò ṣe pé wọn kò fẹ́ kí agbára Ìbàdàn kọjá ààlà. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́. Ebi pa Ìjàyè débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sọfà kí wọ́n lè rí oúnjẹ. Kúrunmí kú ní ọdún 1861. Ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1862, ni Ìjàyè fọ́, ìlú ńlá náà sì di ahoro.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò ẹni tó ń gbé Èkó lákòókò náà, tí ẹbí rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjàyè. Ọ̀nà ti dí. Àwọn ọlọ́jà kò lè kọjá. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè lọ fojú ba ohunkóhun. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilẹ̀ náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́, ìlú tó ti kó ogun jáde láti bá Ìbàdàn jà. Olóòtú rẹ̀ ni ẹni tó ń bá àwọn olóyè ìlú náà kọ lẹ́tà. Bí Ẹ̀gbá bá borí, ìgboyà wọn ni ìwé náà yóò yìn. Bí Ìbàdàn bá borí, ìwà ìkà Ìbàdàn ni yóò hàn. Kò dìgbà tí Townsend bá purọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ojú rẹ̀ ń tó.

Ẹ̀rí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irọ́ ni pé ajíhìnrere mìíràn wà ní òdìkejì. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, ti ń gbé Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti ọdún 1853. C.M.S. kan náà ló rán wọn, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Ní tiwọn, Ẹ̀gbá ló jẹ̀bi, nítorí Ẹ̀gbá ló dí ọ̀nà tí ebi fi ń pa àwọn àti àwọn ọmọ ilé ìwé wọn. Ọ̀dọ̀ Kúrunmí ni Adolphus Mann, ajíhìnrere C.M.S. mìíràn, wà ní Ìjàyè, ó sì ń fojú ara rẹ̀ rí ìyà àwọn ará ibẹ̀. Onígbàgbọ́ mẹ́ta, olóòótọ́ mẹ́ta, ìlú mẹ́ta. Kálukú ń sọ ohun tó rí, ohun tó rí kò sì jọra.

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo lẹ́tà wọn ń dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. Bí ó ti ń ka ti Townsend ni ó ń ka ti Hinderer. Ó lè gbé wọn lé orí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Èkó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí a darí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí.

Ó gba àkókò gígùn kí apá ti Ìbàdàn tó jáde sójútáyé. Anna Hinderer kú ní ọdún 1870. Ní ọdún 1872 ni ìwé tí wọ́n ṣà jọ láti inú lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel Johnson, tó gbé lọ́dọ̀ àwọn Hinderer gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ni ó wá kọ ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921. Ẹni tó bá ka Johnson yóò rí i pé ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni òun náà fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ogun náà kí ọmọ Yorùbá tó lè gbé èyí kọjú sí ohun tí Abẹ́òkúta ti sọ.

Bí ogun Ìjàyè ṣe ń lọ ni wàhálà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Henry Stanhope Freeman di gómìnà, John Hawley Glover sì tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀nà ṣí kí epo àti òwú lè máa wọlé. Ẹ̀gbá sì ni ó dí ọ̀nà. Nítorí náà ojú Èkó àti ojú Abẹ́òkúta kò gún régé mọ́. Townsend, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wá bá ara rẹ̀ níbi tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ń tako ìjọba òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì nítorí Ẹ̀gbá. Àwọn aláṣẹ Èkó fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Lọ́ńdọ̀nù pé ó ń fi ìwé rẹ̀ ru ènìyàn sókè.

Níbí ni Campbell ti tún yọjú. Ó ti padà wá, ó sì ti fi Èkó ṣe ibùgbé. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1863, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anglo-African, èyí tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gómìnà Freeman kò fẹ́ kí ó ṣeé ṣe rárá. Kí ìwé náà tó jáde ni ó ti dábàá pé kí ìjọba fi owó orí dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kò gbà fún un. Campbell bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi hàn pé èrò rẹ̀ sún mọ́ ti ìjọba Èkó ju ti Abẹ́òkúta lọ.

Fún nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó mọ̀wé lè ka ti Abẹ́òkúta, kí ó sì ka ti Èkó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glover lé Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú ní oṣù Kẹta, ọdún 1865, ìwé méjì ló wà tí ènìyàn lè fi wo ọ̀rọ̀ náà. Kò sí èyí tó dúró láàárín nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, òǹkàwé tó bá ka méjèèjì yóò rí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, ìyẹn ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Yóò sì rí ohun tí ọ̀kan ń tẹnu mọ́ tí èkejì ń fò dá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbádùn náà kò pẹ́. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1865, Anglo-African kógbá sílé. Ti Abẹ́òkúta nìkan ló kù, ilẹ̀ sì ti ń gbóná mọ́ Townsend lẹ́sẹ̀ nínú ìlú tó fẹ́ràn. Ọdún 1865 náà ni George William Johnson àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa bá Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣètò ìlú, tí yóò sì máa bá Èkó kọ̀wé. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ̀wé ti dé, ìlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò kálàmù òyìnbó mọ́.

Àìlera kan wà nínú ìwà Townsend tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé gan-an. Ó fẹ́ràn Ẹ̀gbá, ó kọ èdè wọn, ó gbèjà wọn, ṣùgbọ́n kò gbà pé aláwọ̀ dúdú tó ẹni tí yóò ṣe olórí òyìnbó. Láti ọdún 1851 ni òun, Gollmer àti Hinderer ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má ṣe fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Lórí èyí, ẹnu àwọn tí ogun Ìjàyè yóò padà pín níyà ṣọ̀kan. Venn kò gbọ́ tiwọn. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864, ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ẹ ò rí i pé ìfohùnṣọ̀kan ẹni méjì tó ń jà kò fi dandan jẹ́ òtítọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan àǹfààní àwọn méjèèjì ni.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 1867, ni ìbínú Ẹ̀gbá sí ìjọba Èkó bẹ́ sílẹ̀. Glover ti ń fi ọlọ́pàá sí ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá gbà pé tiwọn ni. Wọn kò rí Glover mú, wọ́n dojú kọ àwọn òyìnbó tó wà nítòsí. Wọ́n kọlu àwọn ilé ìjọsìn, wọ́n kó ẹrù àwọn ajíhìnrere, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, Ìwé Ìròhìn sì parí síbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ìwé tó ti gbèjà Ẹ̀gbá lọ́dọ̀ Èkó ni Ẹ̀gbá fọwọ́ ara wọn pa nítorí Èkó. Nígbà tí ìjà bá dé góńgó, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ẹni tí akọ̀ròyìn gbè sẹ́yìn.

Ohun tó tẹ̀lé e burú ju gbígbè sápá kan lọ. Ìpalọ́lọ́ ni. Abẹ́òkúta àti Èkó padà sí ẹnu ọlọ́jà àti àhesọ. Ó di ọdún 1880 kí Richard Beale Blaize tó bẹ̀rẹ̀ Lagos Times ní Èkó, àti ọdún 1888 kí ìwé ìròyìn mìíràn tó fi èdè Yorùbá kọ̀wé, ìyẹn Ìwé Ìròhìn Èkó ti Andrew Thomas. Townsend fúnra rẹ̀ rọ́nà padà sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1875, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dínkù. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1876, ó padà sílé, ó sì kú ní Exeter ní ọdún 1886, lẹ́ni nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Àwọn tó tẹ̀lé e kò bọ́ nínú ohun tó mú un. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ Eléko Èṣùgbàyí lóyè ní ọdún 1925, ẹni tó ka Nigerian Pioneer ti Kítóyè Àjàṣà gbọ́ ohun tí inú ìjọba dùn sí. Ẹni tó wá ka ìwé Herbert Macaulay, Lagos Daily News, gbọ́ ti ilé Eléko. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dàrú ní ọdún 1964 àti 1965, Nigerian Tribune tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949 kò rí nǹkan bí Daily Sketch tí ìjọba Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 ṣe rí i. Ẹni tó ka ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìdajì ìlú ni ó mọ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni a wá rí kọ́ nínú ìgbésí ayé Townsend? Àkọ́kọ́ ni pé kí a yé wá akọ̀ròyìn tí kò ní ibi tó dúró sí. Kò sí irú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ibi tó dúró sí, ta ló ń dáàbò bò ó, ta ló ń bá kọ lẹ́tà, ta ló ń fún un lówó. Townsend kò fi ipò rẹ̀ pamọ́, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí ẹni Ẹ̀gbá, èyí sì sàn ju ti ọ̀pọ̀ tó ń fi orúkọ bòńkẹ́lẹ́ fi ìròyìn òfégè ránṣẹ́ sí orí fóònù wa lónìí. Èkejì ni pé kí a ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí akọ̀ròyìn rò nípa rẹ̀. Pé Ìjàyè fọ́ ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1862, kò sí Ẹ̀gbá, kò sí Ìbàdàn tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ni ìròyìn. Ẹni tí kò bá ka ìwé àwọn tí kò fẹ́ràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ti sọ ara rẹ̀ di ará Abẹ́òkúta ọdún 1861 tí ìwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipá ni ó mú ará Abẹ́òkúta, kò sí òmíràn tí ó lè kà. Àwa tí òmíràn wà nílẹ̀ fún ní ogunlọ́gọ̀, tí a kọ̀ láti kà á, kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi bí kò ṣe ara wa.